Bọ́kẹ́ẹ̀tì Ọ̀bùn

Nígbà tí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ àkọ́kọ́ jókòó tí kò dìde mọ́, Afínjú rò pé ó ń sinmi ni. Ta ni yóò bá a wí? Òun náà ti jókòó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tó lè gbé e dìde.

Afínjú kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ o. Àdúgbò ló fún un, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Obìnrin tó ń fọ ọṣẹ! Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ọṣẹ gan-an ni mo wí. Tí irun kan ṣoṣo bá lẹ̀ mọ́ ọṣẹ, Afínjú á fi omi ṣan án bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Irú obìnrin báyìí ni orí wá fi fún oníbúrẹ́dì, ọkùnrin tí ìyẹ̀fun ń bẹ nínú etí rẹ̀ tọ̀sẹ̀ tọ̀sẹ̀, tó tún lọ ń sin pẹ́pẹ́yẹ sẹ́yìnkùlé. Ẹ bá mi wo nǹkan. Nínú gbogbo ohun ọ̀sìn tí Ọlọ́run dá, èyí tó fẹ́ràn ẹrọ̀fọ̀ jù lọ ló wù ú.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya náà kò ju bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lọ. Òun ni oníbúrẹ́dì fi ń po yíìsì níbi iṣẹ́, ìyẹn ìwúkàrà tó ń mú kí búrẹ́dì wú. Tí iṣẹ́ bá parí, dípò kó fọ̀ ọ́ síbẹ̀ bí ọmọlúàbí, á gbé e wálé tòun ti gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Á bu omi sí i, á fi ọwọ́ ha á, á sì da omi funfun náà sínú ọpọ́n tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti ń mumi. Omi ọ̀hún á máa hó, á máa rùn kíkankíkan. Afínjú á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, á fọwọ́ lé ìbàdí, á ní, "Ọ̀bùn."

Ọkọ rẹ̀ ò ní bínú. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọ̀bùn náà ni yóò ru ẹrù afínjú relé."

Òwe tí gbogbo wa mọ̀ ni. Afínjú wọjà ó rìn gbẹndẹ́kẹ, ọ̀bùn wọjà ó rìn ṣùẹ̀ṣùẹ̀, ọ̀bùn ṣùẹ̀ṣùẹ̀ ni yóò ru ẹrù afínjú relé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ìjà ni, nígbà mìíràn eré ni, ó sì pẹ́ tí àwọn méjèèjì ò ti mọ ìyàtọ̀ mọ́. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Afínjú ò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló dé tó fi ń da omi yíìsì fún ẹyẹ. Ọkọ náà ò sì sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, ó kó ẹyin sábẹ́ ìyá pẹ́pẹ́yẹ, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó sì yọ orí wọlé. Afínjú ń nu fèrèsé lọ́wọ́.

"Bá mi máa wo àwọn wọ̀nyí o," ló wí.

Afínjú ò wẹ̀yìn. Ó ní kó ṣáà má kó ẹrẹ̀ wọlé. Ọkùnrin náà lọ síbi iṣẹ́, ó kó búrẹ́dì wọ ààrò, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó díẹ̀ lórí àpò ìyẹ̀fun, ibẹ̀ ni wọ́n sì bá a sí. Àwọn tó wá sọ fún Afínjú ní ó dà bí ẹni tó sùn lọ.

Kò sunkún. Èyí ni àdúgbò ń sọ lẹ́nu, èyí sì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ń ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹnu rẹ̀ mú, ẹkún rẹ̀ sì yá. Òun ló sunkún fún gbogbo ilé nígbà tí àwọn àlejò ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Tó bá sunkún tán, á nu ojú, á sì wo ojú Afínjú bóyá nǹkan ti rọ̀ níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Afínjú ń kó ife tí àwọn àlejò mu, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń tò ó. Kì í ṣe pé ó ń pa ẹkún mọ́ra o. Ó wá a nínú ara rẹ̀, kò rí i ni. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe máa ń sùn lé apá rẹ̀, tí á jí tí apá náà á kú tipiri. Á mọ̀ pé apá òun ni, á fi ọwọ́ kejì gbé e, ṣùgbọ́n kò ní mọ nǹkan kan lára. Bó ṣe rí fún un nìyẹn, látòkè délẹ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán ni ẹyin wá pa. Ọmọ mẹ́jọ ni, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n ń pariwo. Afínjú lọ wò wọ́n, inú rẹ̀ ò dùn, kò sì bàjẹ́. Ohun tó rò kò ju pé ohun tí ọkọ òun bẹ òun kẹ́yìn nìyí, nígbà tí òun ò sì wẹ̀yìn wò ó, ó yẹ kí òun ṣe é dáadáa. Ó sì ṣe é dáadáa lójú ara rẹ̀. Ó kó wọn kúrò nínú ẹrẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ó kó wọn sínú balùwẹ̀ àtijọ́ tí ẹnì kankan ò wẹ̀ níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀ rẹ̀ oní-táìlì ń dán gbinrin. Láàárọ̀ á nù ún, nírọ̀lẹ́ á nù ún. Oúnjẹ àwọn òròmọdìyẹ tí ọkọ rẹ̀ máa ń rà náà ló ń fún wọn, láti inú àpò tó kù sílẹ̀. Ó sọ ọpọ́n ìdọ̀tí yẹn nù, ó ra abọ́ funfun, omi inú rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn lè fi í wojú. Àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ò sí ní gbogbo àgbègbè yẹn.

Wọ́n mọ́ ni o, wọn ò lè rìn ni.

Ọ̀kan jókòó, kò dìde mọ́. Èkejì ń dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí táìlì, ọ̀kan á gba ọ̀tún, ọ̀kan á gba òsì, títí tó fi tẹ́ gbẹrẹgẹdẹ. Oríkèé ẹsẹ̀ àwọn mìíràn wú, egungun wọn tẹ̀ sínú, wọ́n ń fi apá wọ́ ara wọn lọ sídìí oúnjẹ. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Afínjú ní tirẹ̀ kò sunkún, kò sì ríran. Ó rò pé ìdọ̀tí ló ń ṣe wọ́n, ó tún wá oògùn apakòkòrò, ó tún ilẹ̀ náà fọ̀. Ilẹ̀ náà túbọ̀ ń yọ̀. Nígbà tí ọ̀kan kú, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sin ín, ó fọ ọwọ́, ó sì lọ ká aṣọ tó sá sórí okùn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dé, ó rí wọn. Ó dúró lẹ́nu balùwẹ̀, ó mi orí.

"Ìyàwó mi, ìyà nìyí," ló wí. "Tó bá di ọjọ́ Sátidé, màá mú àpò wá, màá kó wọn lọ fún ẹni tí yóò pa wọ́n. Ẹni tó lọ ti lọ. Má fi àwọn arọ wọ̀nyí kún ti ara ẹ."

Ó dára, ni Afínjú fẹ́ sọ. Ó ti la ẹnu. Ẹ má rò pé ìfẹ́ àwọn ẹyẹ náà ló dá a dúró, nítorí kò nífẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ló sọ sí i lọ́kàn, ohùn rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń nu fèrèsé. Bá mi máa wo àwọn wọ̀nyí o. Tí wọ́n bá kó wọn lọ nínú àpò, ohun kan ṣoṣo tó fi lé òun lọ́wọ́ tán nìyẹn, òun ló sì bà á jẹ́. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n náà pé kó jẹ́ kó di Sátidé ná.

Lọ́jọ́ kejì ó kó méjì sínú agbọ̀n, ó tẹ́ aṣọ ìnura funfun sí i lábẹ́, ó gba ọ́fíìsì dókítà ẹranko lọ. Dókítà náà kì í ṣe àgbà, obìnrin kékeré kan ni, tó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ń pe Afínjú ní màmá. Ó gbé ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kan lé ọwọ́, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ oríkèé. Ó bèèrè ilẹ̀ tí wọ́n ń rìn. Afínjú dáhùn pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀ pé ilẹ̀ táìlì ni, òun sì ń nù ún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Dókítà rọra sọ fún un pé ibẹ̀ ni ìdajì ọ̀rọ̀ wà. Ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹ ò gbọdọ̀ máa yọ̀, ó ń fẹ́ ohun tó lè di mú. Ó wá bèèrè oúnjẹ. Afínjú sọ ọ́, ó ní òun kan náà ni ọkọ òun ń fún wọn láti ọdún gbọgbọrọ, ẹsẹ̀ ọ̀kankan ò sì wọ́ rí.

"Kí ni bàbá máa ń pò mọ́ ọn, mà?"

"Kò pò nǹkan kan mọ́ ọn."

"Omi ńkọ́?"

"Omi ẹ̀rọ kan náà ni." Afínjú ronú díẹ̀. "Àfi bọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa ń ṣan síbẹ̀. Ẹlẹ́gbin ni."

Dókítà dẹ́kun ohun tó ń ṣe. "Bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ni, mà?"

Afínjú wá ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó ń fi ẹjọ́ ọkọ sun àna, bí omi ṣe ń hó, bó ṣe ń rùn, bí ara ọpọ́n ṣe máa ń yọ̀. Dókítà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún un pé oúnjẹ adìyẹ ò tó ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ohun kan ń bẹ tó ń mú egungun ẹsẹ̀ le, ti pẹ́pẹ́yẹ sì ju ti adìyẹ lọ. Tí kò bá rí i jẹ nígbà tó ń dàgbà, ẹsẹ̀ á tẹ̀. Nǹkan náà sì pọ̀ nínú yíìsì.

Afínjú ń wo ọwọ́ dókítà.

Oògùn wà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ni dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tó wà níbí ti tán, wọ́n ti ránṣẹ́ sí i, kò sì mọ ọjọ́ tí yóò dé. Ẹsẹ̀ àwọn wọ̀nyí ò lè dúró dè é. Egungun tó bá ti gbẹ sí wíwọ́, kò ní tọ́ mọ́. Ó ní kí wọ́n tẹ́ koríko gbígbẹ sílẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ so ẹsẹ̀ èyí tó tẹ́ pọ̀ díẹ̀, kí ó má baà là sí méjì. Ní ti yíìsì, kí màmá wá a níbikíbi tó bá wà. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ará ilé oníbúrẹ́dì kọ́ ni yóò máa bi òun níbi tí yíìsì wà.

Afínjú ò tíì dé ilé búrẹ́dì náà láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. Kò bẹ̀rù ibẹ̀. Ó ṣáà ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá ni, láìjẹ́ pé ó gbèrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ gba iwájú ibẹ̀, ó sì wọlé. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó rántí pé ó pẹ́ tí òun ti jẹ búrẹ́dì. Kì í ṣe pé ó kọ̀ ọ́, ó gbàgbé ni. Ààrò wà níbi tó wà. Àpò ìyẹ̀fun wà níbi tó wà. Ó wò ó, kò mọ nǹkan kan lára.

Igbákejì ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe olórí ibẹ̀ báyìí. Ọkùnrin oníkùn ńlá ni, ó ti bá ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí irun orí rẹ̀ fi ń re. Bó ṣe rí Afínjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì. Ẹni tó bá mọ obìnrin yẹn á kọ́kọ́ nu tábìlì ná. Afínjú kí i, ó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì yíìsì lòun wá gbà. Ọkùnrin náà rò pé òun gbọ́ ọ lódì. Ó lọ gbé e wá láti ìdí igbá ìpòyẹ̀fun. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó ni, ohun funfun tó ki lẹ̀ mọ́ ọn nínú yíká, ó sì ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ sísàlẹ̀. Ojú ti igbákejì. Ó ní láti ìgbà tí ọ̀gá ti lọ, ẹ̀yìn ilé làwọn ti ń fọ̀ ọ́ dà sí gọ́tà, àwọn ò tíì ráyè ni. Ó sáré gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

"Má fọ̀ ọ́," ni Afínjú wí.

Ọkùnrin náà wẹ̀yìn wò ó.

"Mo ní kí o má fọ̀ ọ́."

Ó gba bọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bi í léèrè bóyá ọ̀gá rẹ̀ mọ̀, bóyá ẹnì kan ló sọ fún un pé yíìsì dára fún ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Igbákejì ronú, ó fi ọwọ́ tó ní ìyẹ̀fun họ orí. Ó ní òun ò lè sọ. Tí àwọn bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tó máa ń sọ kò ju pé àwọn ọmọ òun fẹ́ràn omi búrẹ́dì. Ẹ̀rín ló máa ń rín. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Igbákejì fẹ́ kí ẹnì kan bá a gbé e. Afínjú kọ̀. Ó fi agbọ̀n kọ́ apá, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lérí, ó bọ́ sí títì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ya díẹ̀ létí. Nígbà tó fi máa rìn dé ìdajì ọ̀nà, yíìsì ti ro sí i léjìká, ó sì ti gba ọrùn wọ inú aṣọ rẹ̀. Obìnrin tó ń fọ ọṣẹ! Àwọn aládùúgbò tó jókòó síwájú ilé nàgà wò ó. Ẹnì kan kí i, ó dáhùn. Ìtìjú ò mú un. Kò sí ohun tó mú un.

Nílé, ó gbé abọ́ funfun kúrò. Ó lọ wá ọpọ́n àtijọ́ tó ti sọ síbi ìdọ̀tí, ó dúpẹ́ pé wọn ò tíì kó o. Ó bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha á, ó dà á sínú ọpọ́n. Ó kó koríko gbígbẹ láti ìtẹ́ ìyá pẹ́pẹ́yẹ, tòun ti ìyẹ́ tòun ti ẹrẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí táìlì rẹ̀ tó ń dán. Ó ya aṣọ ìnura funfun yẹn, ó fi so ẹsẹ̀ èyí tó tẹ́. Ó gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sídìí omi. Wọ́n ti ẹnu bọ̀ ọ́, wọ́n sì mu bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ló ń lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ti wá ń gbé e sílẹ̀ dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ Sátidé dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sì dé pẹ̀lú àpò bó ṣe wí. Ó bá Afínjú lórí ìkúnlẹ̀ nínú koríko, nǹkan funfun ti gbẹ mọ́ ọn nírun. Kò sí èyí tó ń rìn nínú àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n méjì ń gbìyànjú, wọ́n ń dìde, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń jókòó padà, koríko ò sì jẹ́ kí wọ́n yọ̀. Ẹ̀gbọ́n náà wo ẹyẹ, ó wo irun ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ó ká àpò náà pọ̀, ó fi í sábẹ́ apá, ó ní òun á tún yà tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kò sí idán níbẹ̀ o, mi ò sì ní purọ́ fún yín. Ẹsẹ̀ ọ̀kan ò tọ́ mọ́, yóò máa tiro títí ayé rẹ̀. Àwọn tó kù, díẹ̀díẹ̀ ni. Oríkèé tó wú bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jókòó, èyí tí Afínjú rò pé ó ń sinmi, òun ló pẹ́ jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Afínjú ti ibi bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, ó ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Èyí tó ń sinmi yẹn dìde. Ó dúró, ó rò ó wò, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ó rìn kọjá gbogbo balùwẹ̀ náà dé ìdí ọpọ́n, ó gun orí etí rẹ̀, ó sì ṣubú sínú omi yíìsì yàà. Àwọn tó kù sáré tẹ̀ lé e, èyí tó ń tiro ló kẹ́yìn. Wọ́n ta omi funfun náà sára ògiri, wọ́n ta á sí ilẹ̀kùn, wọ́n ta á sí Afínjú lójú. Koríko rin pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Balùwẹ̀ náà ń rùn kíkankíkan.

Afínjú gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, òun kọ́, bó ṣe mọ́ ọn lára láti ọdún gbọgbọrọ.

"Ọ̀bùn."

Ó wá dúró, ó ń retí èsì.

Ó dúró pẹ́. Àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé dákẹ́, inú ilé dákẹ́, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló tó yé Afínjú pé ọkọ òun ti kú. Ó jókòó sínú koríko tútù náà tòun ti aṣọ rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.